Iṣẹ́ Tí Omi Lè Ṣe Lára Ajá ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Oríṣi ajá méjì ló wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lónìí, ìyà tó sì ń jẹ wọ́n kò jọra. Àkọ́kọ́ ni ajá ọdẹ, ajá wa ìbílẹ̀ onírun kúkúrú, tí í bá olówó rẹ̀ wọ igbó ní agbègbè Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ àti Òde-Ayé, tí í sáré gba àárín ẹ̀gún àti kùkùté ọ̀pẹ, tí í sì padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro àti etí tó kún fún eégbọn. Ìkejì ni ajá ìṣọ́, Alsatian tàbí Boerboel tàbí àdàlù wọn, tí àwọn onílé ń sìn ní Òkìtìpupa àti Ìlútìtun. Inú kéèjì onírin ni wọ́n ń tì í mọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Oúnjẹ pọ̀ fún un, ìrìn ló wọ́n. Ajá ọdẹ ń ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ. Ajá ìṣọ́ kò rìn tó, oríkèé rẹ̀ sì ń gan. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rántí pé ajá ní ara tí í ro ó, àfi ìgbà tó bá dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde mọ́.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n ti sọ ìtọ́jú ara ajá látòkèdélẹ̀ di iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń kọ́ tí wọ́n sì ń gbàwé ẹ̀rí lé lórí. Wọ́n ń wo oúnjẹ rẹ̀, ìrìn rẹ̀, awọ ara rẹ̀, oorun rẹ̀, wọ́n sì ń fi omi wo oríkèé tó ń dùn ún. Ẹni tó bá gbọ́ èyí ní Òkìtìpupa lè sọ pé ìgbádùn àwọn olówó ni, kò kan àwa. Èrò tèmi yàtọ̀ sí ìyẹn. Bí a bá yọ ẹ̀rọ olówó ńlá kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, tí a bá sì bi ara wa léèrè ohun tó ń mú omi ṣiṣẹ́ gan-an, a ó rí i pé ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tó ní odò, kànga àti òjò, ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ìtọ́jú náà ń béèrè. Àmọ́ mo fẹ́ kí a mọ ibi tí agbára omi parí sí pẹ̀lú, nítorí àrùn kan wà tí omi kò lè gba ajá lọ́wọ́ rẹ̀ láéláé, àrùn náà sì lè pa ọmọ ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ̀rí ti lágbára jù. Bí ajá bá dúró nínú omi, omi náà á máa tì í sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní ru gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà wọn èyí dájú: wọ́n mú ajá dúró nínú omi tó ga ní ìwọ̀n oríṣiríṣi, wọ́n sì wọn ìwúwo tó kù sórí ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí omi dé ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ṣì ń ru 91 nínú 100. Nígbà tó dé orúnkún, ó jẹ́ 85. Nígbà tó dé ìbàdí, ó já sí 38. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún Alsatian tó wúwo tó kílò 30, tí oríkèé ìbàdí rẹ̀ ti ń jẹ (àìsàn yìí sì wọ́pọ̀ nínú ìdílé àwọn Alsatian): lórí ilẹ̀, kílò 30 ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rù, nínú omi tó dé ìbàdí, kò tó kílò 12. Ó lè rìn níbẹ̀ láìkérora. Ìrìn náà sì ni oògùn rẹ̀, nítorí iṣan tí a kò lò ń rọ, iṣan tó rọ kò sì lè di oríkèé mú, oríkèé tí kò rí ohun dì í mú á túbọ̀ máa bàjẹ́. Omi ló ń yọ ajá kúrò nínú àyípo yìí.

Lílúwẹ̀ẹ́ tún ń ṣe ohun tí ìrìn lásán kò lè ṣe. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2003 fi ajá tí ara wọn le wé ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún nítorí iṣan orúnkún tó já, wọ́n sì rí i pé nígbà tí ajá bá ń lúwẹ̀ẹ́, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká, ó sì ń nà ju ìgbà tó bá ń rìn lórí ilẹ̀ lọ. Ní Chiang Mai, ní orílẹ̀-èdè Thailand tí ooru rẹ̀ jọ tiwa, àwọn oníṣègùn ẹran mú ajá tó ní làkúrègbé lúwẹ̀ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014: oríkèé àwọn ajá náà túbọ̀ ń ṣí, ìrora wọn sì dínkù. Mi ò ní sọ àsọdùn lórí èyí. Àwọn ajá tí irú ìwádìí báyìí ń lò kì í pọ̀, ẹni tó ni ajá sì máa ń fẹ́ rí i pé ara ajá òun ti ń yá. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìwúwo tí mo sọ ṣáájú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú. Ẹ̀rọ ló wọ̀n ọ́n, ìdí tí omi fi ń ran oríkèé lọ́wọ́ sì hàn kedere nínú rẹ̀.

Kí ni ẹni tí kò ní ẹ̀rọ yóò ṣe? Ní Bìrìtìkó, inú àpótí gíláàsì tí ilẹ̀ rẹ̀ ń yí ni ajá ti ń rìn, omi ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà sì wà. Wọn kì í gba ajá wọlé láìjẹ́ pé dókítà ẹran ló darí rẹ̀ wá. Òfin orílẹ̀-èdè wọn, tó wà láti 1966, kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe dókítà ẹran dá ajá wò fúnra rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, etí odò tó tẹ́jú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ iyanrìn, tí omi rẹ̀ rọra ń ṣàn, tó sì dé ìbàdí ajá, lè ṣe ìdá tó pọ̀ nínú iṣẹ́ àpótí gíláàsì yẹn. Omi tiwa kò tutù bí ti wọn, nítorí náà a kò nílò iná láti mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìlànà rẹ̀ kò le: kí wọ́n so okùn tó fẹ̀ mọ́ àyà ajá, kì í ṣe mọ́ ọrùn, kí ẹnìkan wọ inú omi pẹ̀lú rẹ̀, kó fi ọwọ́ kan gbé e ní abẹ́ ikùn, kí ó rìn ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kó sinmi, kó tún rìn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bí i mélòó kan, a lè fi kún un títí tí yóò fi tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n nu etí rẹ̀ gbẹ, nítorí omi tó bá dúró sínú etí ajá, pàápàá etí tó wó sílẹ̀, ni í di èéwo àti òórùn. Ẹni tó bá ti rí ìyá àgbà tó ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ ọmọ tuntun, tó ń na apá, tó ń na itan, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, ti rí ọgbọ́n tí ọwọ́ onítọ̀hún gbọ́dọ̀ ní: kò gbọ́dọ̀ fipá mú oríkèé, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ kánjú.

Àwọn kan ń sọ pé gbogbo ajá ló mọ omi lúwẹ̀ẹ́ láti inú ìyá rẹ̀, kí a kàn sọ ọ́ sódò. Èyí kì í ṣe òótọ́. Ajá tí imú rẹ̀ tẹ̀ wọnú, tí orí rẹ̀ wúwo, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kúrú, kíá ni í rì. Ajá tó ti darúgbó lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kí agbára rẹ̀ sì tán lójijì láàárín omi. Ajá tí wọ́n bá jù sínú omi ní tipátipá kò ní fẹ́ sún mọ́ ọn mọ́, a ó sì ti pàdánù ìwòsàn tí à bá fi fún un. Ajá tí ibà ń ṣe, èyí tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, èyí tí etí rẹ̀ ń ṣọyún, tàbí èyí tí ojú abẹ rẹ̀ kò tíì jinná, kò gbọ́dọ̀ wọ odò rárá. Bí òjò bá sì ti ń rọ̀ gan-an, tí Odò Olúwa àti àwọn tó ń ṣàn sínú rẹ̀ bá kún, ẹ fi ìtọ́jú olómi sílẹ̀ títí omi yóò fi rọlẹ̀. Ìgbì kò mọ ajá tó ń gbàtọ́jú yàtọ̀ sí èyí tí kò gbàtọ́jú.

Iṣẹ́ kejì tí omi ń ṣe ló ń gba ẹ̀mí là ní kíákíá jù, òun sì ni a fojú kéré jù. Ajá kì í làágùn bí ènìyàn. Òógùn díẹ̀ ni àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń mú jáde. Ahọ́n àti èémí ló fi ń lé ooru kúrò lára, nípa mímí hẹlẹhẹlẹ tí omi ẹnu rẹ̀ fi ń gbẹ mọ́ afẹ́fẹ́. Ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Ní Òkìtìpupa, afẹ́fẹ́ tutù rin fún ìgbà tó pọ̀ jù nínú ọdún, omi kì í sì í tètè gbẹ, ì báà jẹ́ lára aṣọ tí a sá tàbí lórí ahọ́n ajá. Ẹ wá fi kéèjì tí wọ́n fi páànù bò lórí, tí wọ́n sì gbé ka orí sìmẹ́ńtì, kún un ní agogo méjì ọ̀sán. Ara ajá tó le máa ń gbóná tó ìwọ̀n 38 sí 39 ti Celsius. Bó bá kọjá 41, ẹ̀yà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ohun tí ẹ ó rí ni pé á mí hẹlẹ láìdáwọ́ dúró, itọ́ rẹ̀ á ki, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á sì ṣubú.

Ìgbàgbọ́ àtijọ́ kan wà, àwọn dókítà kan pàápàá sì kọ́ni bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé kí a má ṣe da omi tútù sí ajá tí ooru mú, pé yóò bá a lójijì. Àwọn olùwádìí ní Bìrìtìkó, tí àwọn ti Royal Veterinary College wà lára wọn, gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láti inú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ajá tí ooru mú láàárín 2016 àti 2018, wọ́n sì gbé àbájáde wọn jáde ní 2023. Ohun tí wọ́n ń kéde rí báyìí: kọ́kọ́ mú ara ajá tutù, lẹ́yìn náà ni kí o gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n rí i pé bí ìdá kan péré nínú márùn-ún àwọn ajá náà ni ẹnìkan ti tù lára kí wọ́n tó gbé wọn kúrò nílé. Ajá tó ṣì kéré tí ara rẹ̀ sì le, kí a tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi tútù, orí rẹ̀ lókè. Èyí tó ti dàgbà tàbí tó ń ṣàìsàn, kí a máa da omi sí i lára, kí afẹ́fẹ́ sì máa fẹ́ sí i. Omi kànga tó jìn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tó fún iṣẹ́ yìí. Aṣọ tútù tí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí aṣọ náà á gbóná, á sì sé ooru mọ́ ara rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi agbára da omi sí ẹnu ajá tó ti dákú. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni yóò gbà á. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá, abẹ́ igi ni ó yẹ kí kéèjì wà, omi mímu tó mọ́ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Mo sọ pé omi tó mọ́, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Yorùbá ní omi ò lọ́tàá. Ṣùgbọ́n omi tí a ti bàjẹ́ lè di ọ̀tá ajá àti olówó rẹ̀. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ ẹ̀gẹ́. Pupurú tí a fi ń yangàn, inú omi ni a ti kọ́kọ́ ń rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó fún un, kí a tó ṣù ú, kí a tó yan án lórí iná. Rírẹ náà ni í fa májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì, jáde. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Òun ló sọ pupurú di oúnjẹ tí kò pani. Àmọ́ májèlé tó kúrò lára ẹ̀gẹ́ kò kúrò láyé. Inú omi ló wà, ó sì tún wà nínú omi funfun tí ń ṣàn láti abẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún gàárì, tó ń rọ́ jọ sí kòtò lẹ́yìnkùlé. Òùngbẹ ń gbẹ ajá tó ń rìn kiri lọ́sàn-án, omi yẹn ló sì sún mọ́ ọn jù. Ewúrẹ́ àti ajá tí wọ́n mu irú omi bẹ́ẹ̀ lè wó lulẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, a ó sì máa wá ẹni tó fún wọn ní májèlé jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gọ̀dọ̀ tí kò ṣàn, tí eku ń tọ̀ sí, ń kó àrùn leptospirosis ran ajá. Àrùn náà ń ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́, ajá sì lè fi ìtọ̀ kó o ran àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ń bá ajá rẹ̀ wọ odò tún gbọ́dọ̀ ronú nípa ẹsẹ̀ tirẹ̀: àrùn tí wọ́n ń pè ní àtọ̀sí ajá ń gba inú omi tí ìgbín kéékèèké ń gbé wọ awọ ara ènìyàn. Nítorí náà, ibi tí omi ti ń ṣàn, tó jìnnà sí ibi ìrẹ̀gẹ́ àti ibi ìfúngàárì, tí ó sì wà lókè wọn, ni kí a mú ajá lọ. Bí kò bá sí irú rẹ̀ nítòsí, agbada ńlá tí a bu omi kànga sí sàn ju odò tí a kò mọ̀ lọ, fún ajá tí ara rẹ̀ kò tóbi.

Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gùn, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wà nínú rẹ̀ tó ń pa ajá lójoojúmọ́. Eégbọn pọ̀ lọ́dọ̀ wa, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ni í mu. Ó ń gbin àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ajá, ibà tó ń sọ èrìgì rẹ̀ di funfun tó sì ń mú un rù. Láti lé e, àwọn kan ń fi òróró ẹ́ńjìnnì tó ti dọ̀tí pa ajá lára. Àwọn mìíràn ń po oògùn apakòkòrò bí ọ̀tapíapíá tàbí Sniper mọ́ omi ìwẹ̀. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré Sniper ní ọjà àti ní ṣọ́ọ̀bù nítorí pé àwọn ènìyàn ń fi í pa ara wọn. Ohun tó ń pa ènìyàn yìí náà ni wọ́n ń dà sára ajá, ajá á sì fi ahọ́n lá gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà tó dára kò ṣòro: oògùn eégbọn tí dókítà ẹran bá wọ̀n, ọwọ́ tó ń já eégbọn tòun torí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìṣọdẹ, àti ìwẹ̀ tí kò pọ̀ jù. Ọṣẹ dúdú wa ń fọ ìdọ̀tí dáadáa, àmọ́ ó le fún awọ ajá; bí a bá lò ó, kí a ṣan án títí omi yóò fi mọ́ kedere.

Oúnjẹ wà lára ìtọ́jú yìí, mo sì máa fi ẹ̀rí kan ṣoṣo gbé e kalẹ̀. Wọ́n tọ́ ajá Labrador 48 ní méjì méjì láti kékeré títí dọjọ́ ikú wọn ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú méjì ń jẹ oúnjẹ tó fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti ìkejì. Àbájáde tó jáde ní 2002 ni pé àwọn tó jẹun níwọ̀n gbé ayé fún bí ọdún méjì ju àwọn yòókù lọ, làkúrègbé sì pẹ́ kó tó dé bá wọn. Ajá kéèjì tó sanra ní Òkìtìpupa, kì í ṣe ìfẹ́ ni ẹ̀bà kejì tí wọ́n bù fún un. Ti ajá ọdẹ yàtọ̀: òun ń fẹ́ ẹja àti ẹran díẹ̀ sí i, ó sì ń fẹ́ oògùn aràn, nítorí aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun rẹ̀ lè fi ẹyin rẹ̀ sí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí omi ti parí iṣẹ́. Dìgbòlugi ni. Àjọ ìlera àgbáyé fojú díwọ̀n pé ènìyàn bí i 59,000 ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, Áfíríkà àti Éṣíà ni ó pọ̀ jù sí, ajá ló sì ń kó ìdá 99 nínú 100 rẹ̀ ran ènìyàn. Nínú 100 ènìyàn tí ajá tí a fura sí bá géjẹ, 40 ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Àrùn náà ń gba ojú iṣan rìn láti ojú ọgbẹ́ lọ sí ọpọlọ, ó lè lo oṣù kan sí mẹ́ta lójú ọ̀nà, nígbà tó bá sì ti dé ọpọlọ tí àmì rẹ̀ hàn, ìwòsàn kò sí mọ́, kì í ṣe ní ilé ìwòsàn, kì í ṣe nínú àgbo. Àwọn ènìyàn ń fi omi dán ajá wò ní ilẹ̀ wa: bí ajá tó géni jẹ bá mu omi, wọ́n á ní kò ní dìgbòlugi. Ẹ jọ̀wọ́, kí àdánwò yìí dópin. Ènìyàn tí dìgbòlugi mú ló ń sá fún omi. Ajá tí ó mú lè mu omi, ó lè máa wá a kiri, ó lè lúwẹ̀ẹ́ kọjá odò. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á kú, itọ́ á máa dà, olówó rẹ̀ á rò pé eegun há a lọ́fun, á sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Síbẹ̀, omi ní ipa tirẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Ojú ọgbẹ́ tí ajá géjẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún odidi ìṣẹ́jú 15, kí a tó sáré lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́. Ọṣẹ ń tú ara kòkòrò náà ká, omi ń gbé e lọ. Kì í ṣe ata, kì í ṣe epo, kì í ṣe irun ajá tí a jó. Kí a sì so ajá náà mọ́lẹ̀, kí a ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10, dípò kí a pa á kí a sì ju òkú rẹ̀ sígbó. Ìdáàbòbò gidi ti gbọ́dọ̀ wáyé ṣáájú: abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tí ọmọ ajá bá pé oṣù mẹ́ta, òmíràn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kí a sì máa tún un gbà bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀. Nàìjíríà kì í ṣe àjèjì nínú ìmọ̀ yìí. Ilé ìwádìí àìsàn ẹran tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ti wà láti 1924, ó sì ń ṣe abẹ́rẹ́ náà. Ìbátan dìgbòlugi méjì ni wọ́n kọ́kọ́ rí ní ilẹ̀ Yorùbá: ọ̀kan lára àdán ní Èkó ní 1956, èkejì ní Ìbàdàn ní 1968, tí wọ́n sì fi orúkọ Mókólá pè. Bí ìdá 70 nínú 100 ajá ìlú kan bá gba abẹ́rẹ́, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà tàn mọ́.

Àtakò tó lágbára jù tí mo mọ̀ ni pé ajá wa le. Wọ́n ti ń gbé láìsí dókítà láti ayébáyé. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2018, tí àwọn ajá Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, wo gbogbo àbùdá inú ẹ̀jẹ̀ ajá Áfíríkà, ó sì rí àmì pé wọ́n ti ní ìyípadà tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti bá àwọn kòkòrò àrùn ilẹ̀ olóoru jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí irú agbára bẹ́ẹ̀ ṣe ń dé: àwọn tí kò ní i kú ní kékeré, àwọn tó ní i bímọ. Òkú àìlóǹkà ọmọ ajá ni owó tí a fi rà á, kò sì bo dìgbòlugi, kò bo ooru kéèjì, kò bo omi ẹ̀gẹ́.

Àtakò kejì ni pé Ògún ló ni ajá, àti pé ọ̀pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ń jẹ ẹran rẹ̀; kí ni à ń wẹ̀ ẹ́ fún? Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀sìn rẹ̀. Ọdẹ tó ń bọ Ògún náà ló ń fi ajá dọdẹ, ó sì mọ̀ ju gbogbo wa lọ pé ajá tó ń tiro kò lè lé ẹran. Ní ti ẹran jíjẹ, ìwádìí ní Nàìjíríà ti rí kòkòrò dìgbòlugi nínú ọpọlọ àwọn ajá tí wọ́n ń pa ní ọjà, tí wọ́n dàbí ẹni pé ara wọn le. Ọwọ́ alápatà tó ní ọgbẹ́ ló kọ́kọ́ wà nínú ewu. Abẹ́rẹ́ kan náà ló ń dáàbò bo ajá, ọdẹ àti alápatà.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ owó: ènìyàn kò rí oògùn rà, ajá ni a fẹ́ ná owó lé. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí nítorí òtítọ́ ni ìṣẹ́. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo kọ síbí kò béèrè owó: òjìji, omi mímu, etí odò tó dára, ọwọ́ tó ń já eégbọn. Abẹ́rẹ́ ajá kan kò tó ìdá kékeré nínú owó abẹ́rẹ́ ọ̀wọ̀ọ̀wọ́ tí ọmọ tí ajá géjẹ gbọ́dọ̀ gbà. Bí a kò bá sì wá ìdí ohun tó ń pani, ohun mìíràn ni a ó máa dá lẹ́bi. Ní April 2015, nígbà tí ènìyàn tó lé ní 10 kú lójijì ní Òde-Ìrèlè, àhesọ gba ìlú pé òrìṣà ló ń bínú, kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé methanol inú ògógóró ni. Ikú dìgbòlugi náà máa ń gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀: àwọn ẹbí á ní wọ́n sàsí sí i, ajá tó fà á á sì máa rìn kiri àdúgbò lọ.

Ohun tó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti ti Ìrèlè ṣe kò ju kí wọ́n bá ẹgbẹ́ àwọn ọdẹ sọ̀rọ̀. Àwọn ọdẹ ní ọjọ́ ìpàdé, wọ́n mọ iye ajá tó wà ní abúlé kọ̀ọ̀kan, àwọn ajá wọn sì ń gbọ́ ohùn wọn. Kí dókítà ẹran ti ìjọba bá wọn ní ọjọ́ ìpàdé náà pẹ̀lú àpótí yìnyín tó kún fún abẹ́rẹ́, ó kéré tán ní ọdọọdún nígbà tí ọjọ́ dìgbòlugi àgbáyé, 28 September, bá ń sún mọ́. Kí àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ní Yunifásítì Olúṣẹ́gun Agagu tó wà ní Òkìtìpupa bá wa yẹ omi tó wà nísàlẹ̀ àwọn ibi ìfúngàárì wò, kí wọ́n kọ orúkọ ibi tí sáyánáìdì ti pọ̀ sára pátákó, kí àwọn tó ń fún gàárì sì gbẹ́ kòtò tí ó ní ìdérí. Nígbà tí onílé tó ní Alsatian arúgbó bá wá béèrè ibi tí òun lè mú un lọ rìn nínú omi, a ó ti mọ etí odò tí a lè júwe fún un.